Géèjì Epo Bàbá Bísí

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi í sílẹ̀, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n n kò mutí rí láyé mi, ibà kò sì ṣe mí lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òru, ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó ni lórí. Ojú mi yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló sì kàn án.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìgàndò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kì í ṣe ọ̀kadà akérò nìkan ni mò ń tún ṣe o. Àwọn báìkì ńlá tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti gíláàsì níwájú, èmi ni àwọn tó ni wọ́n ń wá bá, láti Ìkòtún títí dé Command. Mo máa ń fi yangàn nígbà náà. N kò fi yangàn mọ́.

Bàbá Bísí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ẹ̀gbẹ́dá ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Tòkunbọ̀ ni báìkì rẹ̀, ó sì ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n bàbá náà ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Ìsẹ́yìn, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ní ìparí oṣù, bàbá yìí á di búrẹ́dì àti oògùn sínú àpótí báìkì, á gùn ún lọ kí ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ ní kó máa wọ mọ́tò, ó ní mọ́tò kì í jẹ́ kóun rí ojú ọ̀nà.

Géèjì epo báìkì náà ti kú. Bí táńkì kún o, bí kò kún o, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sùn sí ìsàlẹ̀ gbalaja. Ẹ gbọ́ mi o, nǹkan yìí kò dí bàbá náà lọ́wọ́ rárá. Kó tó gbéra lọ síbikíbi, á ṣí ìdérí táńkì, á tan iná fóònù sínú rẹ̀, á fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí epo dé. Epo kò tán mọ́ ọn lọ́nà rí.

Èmi ni mo sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan yìí ṣe fún yín jàre. Àgbà bíi tiyín, ẹ á ṣáà máa yọjú sínú táńkì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ẹnu mi ló ti jáde, kò sí ẹlòmíì tó dá a lábàá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló gbé e wá, ó ní ọjọ́ kejì lòun ń lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo tú u. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀ kó lè yé yín. Nínú táńkì, ike kékeré kan wà lórí wáyà, tó ń léfòó lójú epo. Bí epo bá ń lọ sílẹ̀, ike á máa lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ òkè á sì máa tẹ̀ lé e. Ike ti Bàbá Bísí ti lu, epo ti kún inú rẹ̀, ó ti rì. Mo sáré lọ sí Ìkòtún, n kò rí irú rẹ̀ rà. Mo bá yọ ti báìkì mìíràn. Wáyà tiẹ̀ gùn jù, mo tẹ̀ ẹ́, mo kì í bọ inú táńkì, mo dè é padà. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dúró sí ìdajì. Mo wo inú táńkì, ìdajì náà ni epo wà.

Wàyí o, gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí dójú àmì ló mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ńṣe ló yẹ kí n fa gbogbo epo náà jáde, kí n rí i pé abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí n tó máa bu epo padà díẹ̀díẹ̀. Ó tó iṣẹ́ wákàtí kan. Wọ́n sì ti ń pe ìrun Jímọ̀, n kò tíì fọ gírísì ọwọ́ mi, n kò tíì ṣe àlùwàlá. Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún bàbá náà pé, "Ó ti dára. Ẹ má wulẹ̀ ṣí táńkì mọ́ o. Ẹ ṣáà máa wo abẹ́rẹ́."

Ó di ọwọ́ mi mú tìdọ̀tí-tìdọ̀tí, ó gbàdúrà fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Mo bá ìrun. Sàfú kẹta, ìyẹn ìlà kẹta lẹ́yìn lèmọ́mù, ni mo jókòó sí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ kùtù, oòrùn wá yọ lọ́sàn-án, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Mo kúnlẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì kan. Mo gbójú sókè, Bàbá Bísí ló dúró síwájú mi, ó di báìkì rẹ̀ mú, ó tì í wá ni.

N kò gbọ́ ìró kankan. Báìkì tó jẹ́ pé géńdé méjì ló ń tì í, òun nìkan ló tì í dé, òógùn kan kò sì sí lójú rẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n bá a tì í dé ẹ̀bá títì ni.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí o?"

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Epo tán mọ́ mi lọ́nà," ó ní. "Abẹ́rẹ́ yẹn ní ó ku ìdajì."

Mo fi bẹ́ǹṣì lọ̀ ọ́, kò jókòó. Mo fi omi lọ̀ ọ́, ó mi orí. Mo bá kúkú ṣí táńkì.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Táńkì tó bá tilẹ̀ ti gbẹ fún ọdún kan, bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó gbọ́ òórùn epo. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Eléyìí kò rùn rárá. Mo ki imú bọ̀ ọ́, n kò gbọ́ òórùn kankan. Lábẹ́ oòrùn yẹn, tó yẹ kí irin máa jó ni lọ́wọ́, táńkì náà tutù débi pé ìka mi kú tipiri. Ó yẹ kí n ti sá nígbà náà. N kò mọ ohun tó dá mi dúró, àfi bóyá ojú tó ń tì mí.

Nítorí pé mo ti rí àṣìṣe mi. Wáyà tí mo tẹ̀ ń kọ́ ara táńkì. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, á há síbẹ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ibi tó ti ń ha irin ń dán yinrin. Bí mo bá ti fa epo yẹn jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti rí i.

Mo gé wáyà náà kúrú, mo fi ayùn kékeré rẹ́ ẹnu rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Bàbá náà dúró sẹ́yìn mi. Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́ báyìí, "Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o fa epo inú ẹ̀ jáde wò? Mo kà á nínú ìwé báìkì yẹn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

N kò gbórí sókè. Mo ní, "Mo ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ó ní, "Ó dáa."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó gbá mi létí, ì bá sàn fún mi.

Mo ní ó kéré tán, kí n ṣe é bó ṣe yẹ lónìí. Mo gbé kẹ́gì epo jẹnẹrétọ̀ mi, mo ki àrọ bọ ẹnu táńkì, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ mira. Mo tún bù ú, ó gòkè sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Mo pariwo pé, "Bàbá, ẹ wá wò ó! Ó ti ń gòkè!"

"Ẹ̀gbọ́n!" Síkírù ló pè mí, ẹni tó ń rán ìjókòó alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. "Kí lẹ ń da epo sílẹ̀ fún? Àbí ẹ fẹ́ jó gbogbo wa mọ́bí ni?"

Mo wo iwájú mi, n kò rí báìkì. Ilẹ̀ lásán ni mo kúnlẹ̀ sí, àrọ lọ́wọ́ kan, kẹ́gì lọ́wọ́ kejì, epo ti rin ilẹ̀ gbingbin, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Mo wẹ̀yìn, kò sí Bàbá Bísí.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Síkírù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wò mí. Mo wo ilẹ̀ rírọ̀ yẹn láti títì títí dé ibi tí mo wà. Kò sí ojú táyà, kò sí ojú bàtà, àfi tèmi.

Mo pe nọ́ńbà bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. "Ẹ ò tíì gbọ́ ni?" Ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni, ọjọ́ kejì tí mo sọ pé ó ti dára. Epo tán mọ́ bàbá náà kó tó dé Abẹ́òkúta. Ó ń ti báìkì lọ lẹ́bàá títì ni tírélà kan fi gbá a.

Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ kejì. Ó ní wọn kò tíì sọ fún ìyá arúgbó tó wà ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ń tàn án pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá, arúgbó náà sì ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Báìkì náà wà lábẹ́ tapólì, ó ti rún wómúwómú, táńkì nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Níbi ìsìnkú, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ pé ahun ló pa á. Wọ́n ní ó mọ̀ pé epo ò tó, pé owó ló ń dùn ún. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló tàn án jẹ, àbí òun ló mọ̀ọ́mọ̀ lọ bẹ́ẹ̀?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu mi. Mo ní kí n fi ibi tí wáyà há sí hàn án, kí n wá dọ̀bálẹ̀. Mo tú táńkì.

Wáyà náà ti kúrú. Ojú ayùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó tuntun, ó ń dán. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun gẹ́lẹ́ ló ṣe wà. Mo ti ike náà sísàlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kọ́ ibì kankan.

"Kí lẹ rí?"

Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe é, Mà. Ó dára." Mo tún wá fi kún un pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Ó mi orí lọ, mi orí bọ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nígbà náà," ó ní. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. Ó ní ọkọ òun fẹ́ràn mi gan-an, pé alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, orúkọ mi ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

N kò tíì rí Bàbá Bísí mọ́. N kò mọ ìdí tó fi jẹ́ kí n tún un ṣe. Bóyá ó fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Bóyá ó sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ni òótọ́ kù sí. Mo ti rò ó títí, ó sú mi. Bí mo bá sùn, mi ò sùn dénú.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má sọ fún arìnrìn-àjò pé ó ti dára nígbà tí ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò dópin. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ yára jẹ́wọ́, ọjọ́ yẹn gan-an, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Tó bá ti pẹ́, ẹnu á wúwo jù fún yín láti ṣí.

Ìyá Bísí pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti kí mi. Ó ní òun ti bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀, òun ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti gbà láti dárí ji bàbá wọn.