Ọjọ́ Tí Bùsírátù Wọ Jẹ́sì Pupa

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ iyàn bọ́ọ̀lù jà ní Ìbarà, ẹ má wulẹ̀ wá ọkùnrin kiri. Bùsírátù ni. Aṣọ bọ́ọ̀lù ló ń rán. Láti Ìbarà títí dé Ewékorò, òun ló ń rán jẹ́sì fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àtèyí tó ń borí àtèyí tó ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kò jìnnà sí tábìlì tí mo ti ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gbà kọjá. Èmi Priscilla ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwa méjèèjì jọ dàgbà ni, nítorí náà mo lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù mí.

Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin á pé jọ sídìí tábìlì mi. Wọn kì í ra nǹkan kan. Wọ́n á ka ẹ̀yìn ìwé ìròyìn níbi tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá wà, wọ́n á tún ní kí n ṣí inú ẹ̀ fún àwọn. Mo ti bú wọn títí, ẹnu ti ro mí. Iyàn gan-an ni wọ́n ń wá wá. Wọ́n lè fi odindi àárọ̀ jiyàn lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù òkè òkun, ta ló ju ta lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná dáadáa, á padà wálé, sórí Láńre àti Mùtíù.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn méjèèjì yìí ni nọ́ńbà tẹ́ẹ̀nì tí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń sọ̀rọ̀ wọn. Láńre ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ìbarà nínú jẹ́sì pupa. Wọ́n ń pè é ní Abẹ́rẹ́, torí ibi tí ẹlòmíì ò ti rí àyè rárá ló máa ń ki bọ́ọ̀lù gbà. Mùtíù ń gbá fún Ewékorò nínú jẹ́sì eléérú. Sìmẹ́ńtì ni tiẹ̀. Bó bá ti dúró lé bọ́ọ̀lù, ẹ lọ wá katakata wá. Lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a kì í wo ti àgbà, orúkọ wọn lásán la fi ń pè wọ́n. Mùtíù yìí sì rèé, ẹ̀gbọ́n Bùsírátù ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Ewékorò.

Àṣekágbá kan ló ba orúkọ Mùtíù jẹ́. Kò tíì sí ẹni tó jẹ góòlù, ó sì ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Mùtíù, aṣọ́lé Ìbarà nìkan ló kù níwájú ẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Láńre nílẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù síta. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e: wọ́n á tọ́jú ẹni tó ṣubú, wọ́n á sì ju bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó gbá a síta. Ìbarà ò jù ú padà. Wọ́n jù ú síra wọn, wọ́n sáré lọ, wọ́n gbá a wọlé, wọ́n gbé ife lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ará Ewékorò ní Mùtíù ta àwọn fún àwọn ará ilé ẹ̀. Àwọn ará Ìbarà ní tiwọn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Láńre kàn díbọ́n ni, pé ọgbọ́n ló dá, òmùgọ̀ kan sì gbà á gbọ́. Ìtàn yẹn dùn, wọ́n sì sọ ọ́ fáwọn ọmọ wọn. Mùtíù kó lọ sí Wásinmi, ó ń dáko. Kò wọ Abẹ́òkúta mọ́. Nígbà ìgbéyàwó Ameenah, ọmọ Bùsírátù, orí fóònù ló ti ṣàdúrà fún ọmọ. Láńre alára ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Ìbàdàn, ọdún Àjíǹde nìkan la fi ń rí i.

Ohun tó ń dun Bùsírátù nìyẹn, ó sì ń dùn ún wọra. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń darúgbó lọ. Ó fẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ pápá Ìbarà kí ọlọ́jọ́ tó dé, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu, Tíṣà Ọbáfẹ́mi á dá a dúró. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àgbà ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn Láńre jù wọ́n lọ.

Wọ́n á ní, "Bùsírátù, ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Kí la tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ?"

Bó ṣe máa ń parí nìyẹn. Bùsírátù á padà sídìí ẹ̀rọ ẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ.

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ Ìbarà tún pápá ṣe. Wọ́n ra ife tuntun tí wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù fún ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n sì wá bá wa nídìí tábìlì.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ń jiyàn láti ọjọ́ yìí, ẹ bá wa parí ẹ̀. Orúkọ ta ni ká fi pe ife yìí, ṣé ife Láńre ni àbí ife Mùtíù?"

Ó yẹ kí n sọ òfin wa fún yín. Iyàn kékeré, kí kálukú máa pariwo bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ parí iyàn ńlá, a máa ń pààrọ̀ jẹ́sì. Ẹni tó ń ti Láńre lẹ́yìn á wọ jẹ́sì Mùtíù, á sì sọ̀rọ̀ fún Mùtíù. Ẹni tó ń ti Mùtíù lẹ́yìn á wọ ti Láńre. Kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tiẹ̀ rárá. Bó bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fipá mú, màá fọn fèrè lé e lórí, ẹni tiẹ̀ ti pàdánù nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá parí, olúkúlùkù á lọ dúró sẹ́yìn jẹ́sì tó bá wù ú. Bàbá mi, tó ni tábìlì yìí kó tó kàn mí, ló ṣe òfin náà, torí àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn pa lórí bọ́ọ̀lù.

Ẹ wá wo ìdààmú Bùsírátù. Bó bá sọ̀rọ̀ dáadáa, Láńre ló ń gba ife fún. Bí kò bá sì sọ ọ́ dáadáa, Láńre náà ló máa gbà á.

Ó wá bá mi nílé, ojú ẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní, "Priscilla, kí ni kí n ṣe?"

Mo ní, "Lọ rán jẹ́sì." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Adájọ́ ni mí.

Ó lọ rán an lóòótọ́. Mo yà lọ́dọ̀ ẹ̀, mo bá a tó ń rán eléérú tí Tíṣà máa wọ̀, ó ń fara balẹ̀ gán ọrùn ẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò jẹ́ kó fún wọn lọ́rùn díẹ̀, bóyá ohùn wọn á há. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Jẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi ni. Màá rán an kó dára."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a fi sí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Èrò pọ̀ débi pé mo kó ìwé ìròyìn mi kúrò nílẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Ewékorò wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá, eruku funfun ṣì wà lára ọkọ̀ wọn. Tíṣà ti wọ eléérú, ó bá wọn mu wẹ́kú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ fún ẹnì kejì. Bùsírátù wọ pupa lé aṣọ ẹ̀, ó fi ìbòrí ẹ̀ sábẹ́ ọrùn jẹ́sì náà. Òun ni kèké mú láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo fi fèrè sẹ́nu.

Ó ní, "Láńre Abẹ́rẹ́ ni mo wá sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ta ló tún lè wo apá òsì, kó gbá bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún, kí bọ́ọ̀lù sì bá ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́sẹ̀? Àwọn tó ń jẹ góòlù ní Ìbarà nígbà yẹn, ẹ ṣì rántí orúkọ wọn. Ta ló sọ wọ́n dolórúkọ? Òun ni. Kò sì fi yangàn rí. Bí wọ́n bá jẹ góòlù tán, á ti padà sí ààyè ẹ̀, á máa so okùn bàtà ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Mo wo Tíṣà, omi ti lé ròrò sójú wọn. Àwọn ará Ìbarà ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ará Ewékorò ń wo ilẹ̀. Àánú ọ̀rẹ́ mi ṣe mí, torí mo rí i pé ó ti ń fẹnu ara ẹ̀ sin ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ló bá na ìka sí àwọn ará Ìbarà.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń bí mi nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń bà á lórúkọ jẹ́! Ta ló ní Láńre díbọ́n lọ́jọ́ àṣekágbá?"

Gbogbo wọn ló ti sọ ọ́ rí.

"Ẹ pe ọkùnrin yìí ní ẹlẹ́tàn, ẹ sì ń fi ṣe ẹ̀rín láàárín ara yín. Èmi Bùsírátù tí mo wọ jẹ́sì ẹ̀ lónìí, mi ò gbà! Mo wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí létí ìlà, iwájú wa gan-an ló ṣubú sí. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ nígbà tó dá. Ilẹ̀kùn ni wọ́n yọ nílé kan, orí ẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹ̀yin ń gbé ife jó lọ sílé. Ẹ̀yin náà, ẹ rántí bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó padà dé. Ǹjẹ́ ó tún sáré mọ́?"

Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Rárá. Ojú kan ló máa ń dúró sí, táá máa pín in."

"Ẹ ní ìgbéraga ni! Ẹ ní ó ti di ọ̀gá, kò fẹ́ làágùn mọ́! Ẹsẹ̀ tó ti dá ló fi ń gbá a. Òun náà ló fi gba ife fún yín lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀ ń rí i lọ́dọọdún tó ń tiro lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹ̀ ń kí i ẹ kú ọdún, ẹ tún ń sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé ó díbọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀! Ẹsẹ̀ Láńre dá. Rẹfirí ò rí i. Àwọn tiẹ̀ ò rí i, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i lórí pápá."

Fèrè wà láàárín eyín mi, mo sì mọ̀ pé bó bá dárúkọ yẹn báyìí, mo gbọ́dọ̀ fọn ọ́n. Kò dá a. Ó kàn dúró, ó ń wò wá.

Ọkùnrin kan láti Ewékorò ló kọ́kọ́ pariwo ẹ̀: "Mùtíù!" Obìnrin kan nínú àwọn ará Ìbarà gbà á lẹ́nu ẹ̀. Kí n tó mọ̀, gbogbo òpópónà ti gbà á.

Ó kan Tíṣà. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tẹ́ jẹ́sì eléérú náà láyà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti múra sílẹ̀ ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, mo rí i.

Wọ́n ní, "Iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lókèèrè ni mo wà lọ́dún náà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo gbé kiri. Ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ fún lónìí ní ife lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó fi í sílẹ̀ torí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Bí kì í bá ṣe òun, wọn ì bá ti tẹ ẹni tèmi mọ́lẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì."

Mo ní kí wọ́n máa lọ síbi tó wù wọ́n. Àwọn ará Ewékorò kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn Tíṣà. Àwọn ará Ìbarà tẹ̀ lé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ Bùsírátù kọjá, wọ́n ń fọwọ́ kàn án léjìká. Nígbà tó yá, òun nìkan ló kù nínú jẹ́sì pupa, kò sí ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò rí ẹni tó pàdánù tí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń jó. Adájọ́ kì í lọ dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo lọ sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ó lọ mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá láti Wásinmi fúnra ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ti hewú, wọ́n sì ti rù díẹ̀. Ó ti rán jẹ́sì eléérú tuntun fún wọn, ó fi mẹ́wàá sẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu pápá, wọ́n dúró, wọn ò fẹ́ wọlé. Àwọn èèyàn dìde. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní òmùgọ̀. "Sìmẹ́ńtì!" ni gbogbo pápá ń pè, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn náà ń pè é. Bùsírátù di ọwọ́ wọn mú, wọ́n sì wọlé.

Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A rò pé wọ́n á kàn tì í díẹ̀ láàárín pápá. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fẹsẹ̀ dà á lọ, díẹ̀díẹ̀, sápá ibi tí àwọn àgbàlagbà jókòó sí. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ìlà, wọ́n gbá a síta.

Bọ̀ọ̀dá Láńre ti ti Ìbàdàn dé, wọ́n jókòó láàárín àwọn àgbà náà. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọ̀pá wọn lé Tíṣà lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù. Wọ́n tiro dé ìlà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbé e sókè orí, wọ́n sì jù ú padà sẹ́sẹ̀ Mùtíù.

Mùtíù fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dúró.

Wọ́n ní, "O ṣeun, Láńre. O pẹ́ kó o tó jù ú."