Ìwé Tí Ọlọ́rundáre Kò Ráyè Kà

Ọmọ Òṣogbo ni mí, obì ló gbé mi dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abà Ògúnmọ́lá lẹ́yìn Iléṣà ni mo ti ń ra obì gbànja, mo sì lè lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kí àwọn agbọ̀n mi tó kún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lọ gbé abà wọn nígbà kòkó. Wọn kì í sinmi, wọn kì í sì í fẹ́ rí ẹni tó ń sinmi. Àwa ará Òṣogbo náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé èèyàn ń jókòó jẹun.

Ilé Ọlọ́rundáre ni mò ń dé sí. Ó ka ìwé mẹ́fà yọrí, gbogbo abà ló sì ń gbé lẹ́tà wá bá a kà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéyàwó ni baba rẹ̀ kú, oko kòkó ńlá sì já lé e lórí. Láti ìgbà náà ni kò ti ráyè mọ́. Síbẹ̀, bó bá lọ ta kòkó ní Iléṣà, kò ní ṣàì yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń tàwé, yóò sì mú ọ̀kan bọ̀. Yóò fi aṣọ nù ún, yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú rẹ̀, yóò ka ojú ewé kìíní lórí ìdúró, yóò wá fi í sínú àpótí abẹ́ ibùsùn. “Tí kòkó bá ti tán,” ni yóò wí, “n óò jókòó tì í dáadáa.” Kòkó kì í tán. Bí wọ́n bá ká a tán, wọ́n á sá a. Bí wọ́n bá sá a tán, igbó á ti kún inú oko. Bí wọ́n bá ro ó tán, oògùn ni wọ́n á máa fín sí i. Àpótí náà wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e bí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀.

Julianah ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé nígbà tó dé ilé ọkọ. Ọlọ́rundáre ló fi èédú kọ́ ọ ní a, b, d lára ògiri ilé ìdáná, ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì parí ìyókù. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì ló ń kàwé. Nígbà tó yá, ó ń já geere lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bó obì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ obì nínú èso rẹ̀, èèpo funfun kan máa ń wà lára rẹ̀. A ó rẹ ẹ́ sómi kí èèpo náà lè rọ̀, a ó jókòó yí i ká, a ó sì máa fi ọwọ́ bó o. Bí èékánná bá ha á lára, yóò jẹrà kó tó dé òkè Ọya, nítorí náà iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ó sì máa ń súni. Àáró ni àwọn obìnrin abà fi ń ṣe é. Òní lè jẹ́ tèmi, ọ̀la tìrẹ; gbogbo wọn á kó lọ sábẹ́ àtíbàbà ẹni tó kàn, wọ́n á bá a bó o tán. Mo máa ń bá wọn jókòó, nítorí obì tí mo bá fojú mi rí bí wọ́n ṣe bó ni mo máa ń rà.

Lọ́jọ́ kan tí a ń bó obì Ìyá Ajíbádé, àgbà obìnrin abà náà, Julianah mú ọ̀kan wá nínú àwọn ìwé inú àpótí. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bí a bá ń jẹun. Ó kà á sókè díẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ tán tó fẹ́ pa á dé, Ìyá Ajíbádé ní, “Ta ló ní kó o pa á dé, ìyàwó? Máa kà á lọ.”

Julianah ní, “Obì iwájú mi ńkọ́, màmá?”

Ìyá àgbà nawọ́, ó wọ́ agbọ̀n iwájú Julianah sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní, “A ó bá ọ bó o. Ẹnu ni kí ìwọ fi san àáró tìrẹ.”

Bí obìnrin tó ń dáná, tó ń pọnmi, tó ń sá kòkó, tó sì ń tọ́ ọmọ mẹ́rin ṣe rí àyè ka ìwé nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni àgbàlagbà ti ń rí àyè bẹ́ẹ̀. Ti Julianah, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bu àyè fún un nínú tiwọn.

Ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń ta ẹṣin ló wà nínú ìwé náà. Béjidé lorúkọ àbúrò. Ọ̀dàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dàlẹ̀ tó lẹ́nu dídùn ni, a ò sì lè kórìíra rẹ̀ tán. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Béjidé ti di ará abà. Bí ẹnì kan bá parọ́ lábẹ́ àtíbàbà, a ó ní Béjidé ti dé. Bí Julianah bá ń gúnyán lọ́wọ́, obìnrin kan lè máa kọjá lọ kó béèrè pé, “Ìyá Tóyọ̀sí, ṣé Béjidé á padà wá báyìí?” Julianah á ní, “Á padà wá. Ibo ló fẹ́ lọ?” Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́rundáre gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kò jẹ iyán rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kẹta ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Òṣogbo, ta ni Béjidé?”

Èmi Àpìkẹ́, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo ní, “Ọkùnrin kan ni. Ẹṣin ló ń tà.”

“Ibo ló ń gbé?”

“Inú ilé yín ni.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó ní kó fi ọkùnrin náà han òun kí òun tó ṣe ohun tí òun ò ní í lè ṣàlàyé. Julianah kò bá a jiyàn. Ó lọ sí yàrá, ó mú ìwé jáde, ó ṣí i, ó sì fi ìka lé orúkọ náà. Ó ní, “Béjidé nìyí. Ojú ewé kẹta ló ti wọlé.”

Ojú ewé kìíní ni Ọlọ́rundáre ti dúró, lọ́jọ́ tó ra ìwé náà.

Mo rò pé ìtìjú ni yóò mú un. Owú ló tún mú un, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ṣe pé ẹlẹ́ṣin ló ń wá ilé ẹni, èèyàn lè lé e lọ. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí ìyàwó tó ti ka ìwé ọkọ rẹ̀ dé ìdajì, tó mọ gbogbo èèyàn inú rẹ̀, nígbà tí ọkọ ṣì ń dúró de ìgbà tí kòkó máa tán? Ó ní, “Ìwé mi ni. Orúkọ mi ló wà níwájú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d.” Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ àpótí, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀.

Ní àtíbàbà lọ́jọ́ kejì, obì padà di obì. Ìyá Ajíbádé ṣépè fún kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní òun ò ṣẹ́ ẹ fún ẹni tó ni ín o. Ní ti Ọlọ́rundáre, kò ka ìwé ọ̀hún. Ó kàn ń rò ó. Ó sọ ọ́ jáde létí mi pé, “Bí obìnrin bá lè jókòó kàwé kí àwọn ẹlòmíràn máa bá a ṣiṣẹ́, kí ló dé tí èmi ò lè ṣe é?”

Àáró kòkó kàn án ní ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ti ká èso kòkó jọ, òkìtì rẹ̀ ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì ti ń pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú àdá wọn, Adéjọbí olórí àáró ló ṣáájú. Wọ́n jókòó yí òkìtì ká. Èmi àti Julianah gbé oúnjẹ dé, Julianah sì padà sílé lọ bu omi. Ọlọ́rundáre wá lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó yọ ìwé lábíyá, ó ní, “Ẹ máa fọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi á máa kàwé fún yín.”

Gbogbo ọwọ́ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àáró ti mọ ohun tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ tó bá jẹ́ tìrẹ, ọwọ́ rẹ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ inú iṣẹ́, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ àáró Julianah fúnra rẹ̀, kò fọwọ́ kan ìwé rí. Obì tó máa ń bó lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ọjọ́ oníṣẹ́ mìíràn nìkan ló ń kàwé. Ọlọ́rundáre rí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó, owú kò jẹ́ kó rí ibi tó ti dìde.

Adéjọbí wò ó títí. Ó ní, “Ọlọ́rundáre, ṣé ìwọ̀fà rẹ ni wá ni?” Kò pariwo. Ó fi ewé nu àdá rẹ̀, ó dìde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tí a gbé wá, wọn ò ṣí i.

Kòkó tó bá pẹ́ jù nínú èso, híhù ló máa ń hù, kò sí ẹni tó máa rà á. Gbogbo iṣẹ́ ọdún náà ló wà nínú òkìtì yẹn. Nígbà tí Julianah gbé omi dé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí gbòǹgbò pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì. Mo sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò bá a wí. Ó sọ omi kalẹ̀, ó lọ pe àwọn obìnrin.

Ìyá Ajíbádé ní, “Ṣé ẹni tó ti ìwé wa mọ́lé náà ni ká lọ bá ṣiṣẹ́?” Ṣùgbọ́n ó ti ń wá àdá bó ti ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé oko, ó kí Ọlọ́rundáre pé ó káre, ó wá ní, “Bọ́ sínú iṣẹ́. Kó o sì kó ìwé fún ìyàwó rẹ.”

Julianah ní òun ò lè kàwé, pé oko àwọn ni. Ìyá àgbà ní, “Oko ọkọ rẹ ni. Ìwọ ló ni obì, òun ló ni kòkó. Ọwọ́ olóko ti wà níbẹ̀, kà á.”

Ọlọ́rundáre na ìwé náà sí i láìwo ojú rẹ̀, ó jókòó ti òkìtì. Julianah ṣí i níbi tí a dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kòkó. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi béèrè pé ta ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Sànúsí yìí. Obìnrin kan ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí àwọn gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìbínú la èso kòkó, tí oje rẹ̀ ń ta sí wa láṣọ. Owú náà hàn lójú rẹ̀ gbangba, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi í pamọ́.

Lẹ́yìn náà ni Julianah rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì ka ohunkóhun tó pani lẹ́rìn-ín jáde. Ojú rẹ̀ ló ti sáré ṣáájú ẹnu. Àwa yòókù kò kíyè sí i. Ọlọ́rundáre kíyè sí i, ó sì dá ọwọ́ dúró.

“Kí lo rí níbẹ̀?”

“Ó ń bọ̀,” ni Julianah wí. Ó kà á dé ibẹ̀, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ọkọ rẹ̀.

Ó ju àdá sílẹ̀. Ó ní, “Julianah, mò ń jowú rẹ.”

Lójú gbogbo àwa obìnrin ló ti sọ ọ́. Mo rò pé Julianah máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ká lè bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka sórí ìlà tó dé, kó má baà sọnù.

Ó ní, “Mo mọ̀, Bàbá Tóyọ̀sí. Èmi náà jowú yín rí, ó sì pẹ́ lára mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yín, ẹ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ẹ ó máa dá rẹ́rìn-ín. Mo bi yín lọ́jọ́ kan pé kí ló pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ ní kò lè yé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ kọ́ mi.”

Gbogbo wa yíjú sí Ọlọ́rundáre. Ó ń wá ọjọ́ náà nínú orí rẹ̀, ó wá a, ó wá a, ó sì hàn sí wa pé kò rántí rárá.

Julianah dúró dè é díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka kúrò lórí ìlà, ó ń kà á lọ.