Dókítà Tó Wọlé Níbi Tí A Ti Fẹ́ Wẹ Òkú

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Dókítà Hikmat.

Òun ni ọ̀gá àwọn dókítà tó ń tọ́jú arúgbó ní ọsibítù kan ní Ọ̀fà. Kò sẹ́ni tó bá a du ipò yẹn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdí ìtọ́jú aboyún àti ọmọdé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní kí ló kù tí wọ́n fẹ́ tọ́jú lára arúgbó. Yàrá kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ báyìí ń bẹ̀rù rẹ̀, torí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe àìsàn ní ogbó.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ààwẹ̀ tó kọjá, mo wà níbẹ̀. Ó ṣì ń bà mí lẹ́rù.

Alhaji Jímọ̀ ará Ìjàgbó ní àìsàn ṣúgà. Dókítà ti ní kó má gbààwẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gbààwẹ̀. Ó lo oògùn ṣúgà ní sààrì, kò jẹun tó nǹkan. Kó tó di ìrun ọ̀sán, ó ṣubú. Ara rẹ̀ tutù. Àwa aládùúgbò pè é títí, kò dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta pé ó ti kú. Taofeek, àkọ́bí rẹ̀, ní kí wọ́n lọ gbẹ́ sàréè, torí a kì í jẹ́ kí òkú wa sùn nílé. A tẹ́ Alhaji sórí pákó, a pọnmi.

Ẹnìkan ti fi fóònù pe Dókítà. Ó wá bá wọn dárò. Ó kọjá lára àwọn obìnrin, ó ń bọ̀ ní yàrá tí àwa ọkùnrin wà. Taofeek dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Mà. Obìnrin kì í wọbí."

"Ta ló yẹ Bàbá wò?"

Taofeek kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá ti lé lọ́gọ́rin, Mà. Kí la tún fẹ́ yẹ̀ wò?"

Dókítà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Ó fọwọ́ kan ọrùn Alhaji, ó gbé etí lé e láyà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n sáré mú báàgì òun wá nínú mọ́tò. Ó gún un lábẹ́rẹ́ omi ṣúgà sí iṣan apá.

Kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí ìpéǹpéjú Alhaji mira.

Alhaji wo gbogbo wa, ó bi wá pé ta ló kú.

Dókítà po tíì oníṣúgà fún un. Alhaji ní rárá, òun ń gbààwẹ̀.

"Ẹ mu ún, Alhaji. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè yín."

Ó mu ún tán.

Dókítà kò bú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló ti pe àwọn dókítà rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá gbogbo arúgbó tó ń lo oògùn yẹn délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé Alhaji lọ sí ọsibítù, ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Ìyàwó Alhaji ló gbé ìṣínu wá fún Dókítà. Àkàrà ló fi mu ògì gbígbóná.