Mo fi gíláàsì yan ọsibítù fún àbúrò mi

Ẹ gbà mí o, mo ti ba ọ̀nà àbúrò mi jẹ́.

Bùsọ́lá ti di dókítà, àìsàn ọkàn ló sì fẹ́ máa tọ́jú. Ọsibítù méjì ló gbà á láti wá ṣe rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ẹṣẹ́ tí dókítà máa ń ṣe kó tó di ọ̀gá, ó wá bi mí èwo ni kóun mú. Èmi tí mo fi JSS 2 sílẹ̀, tí mo fi àga tí mò ń kàn ní Kugbo rán an níwèé, ta ló tún fẹ́ bi?

Ọ̀kan wà l'Ábújá níbí, gíláàsì ló fi bora. Ìkejì wà nílùú kékeré kan, páànù ẹ̀ ti dípẹtà.

Mo ní, "Gíláàsì jàre! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

Ó gbọ́ tèmi, ó kọ ti onípáànù.

Lónìí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Bọ̀dá mi, àwọn tó ń múni lọ kọ́ṣẹ́ ọkàn ń béèrè ọ̀gá dókítà ọkàn tá a ti bá ṣiṣẹ́. Onígíláàsì yìí ò ní ìkankan. Méjì ló wà lọ́hùn-ún."

"Kai! Padà lọ bá wọn!"

"Wọ́n ti fi ẹlòmíì síbẹ̀."

Kò tiẹ̀ bú mi. Ó kàn ń fọwọ́ pa àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé kí wọ́n má wo dídán, kí wọ́n dojú àga délẹ̀, kí wọ́n wo igi abẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin dókítà inú ibí, ṣé ọ̀nà míì ṣì wà fún un? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, torí àbúrò mi ò ní bú mi.