Ọjọ́ tí Ìyá Ìbàdàn Fa Ọmọ Rẹ̀ Lé Alátakò Lọ́wọ́

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo ń yí kòkó tí a sá sórí ẹní ní abúlé wa, nígbà tí mo rí ìyàwó àbúrò bàbá mi tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà láìwọ bàtà. Ìbàdàn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìdí nìyẹn tí àwa ọmọdé fi ń pè é ní Ìyá Ìbàdàn. Obìnrin tó jẹ́ pé a máa ń gbọ́ dídún bàtà rẹ̀ ká tó rí i! Lọ́jọ́ náà, kò sí bàtà, kò sí gèlè, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré nìkan ló pọ̀n sẹ́yìn. Mo kígbe, mo sáré lọ pàdé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé ó wá kí wa ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà sí Maryland níbí, ẹ lè má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí òṣèlú ń jó ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe àsọdùn. Ọkọ Ìyá Ìbàdàn ń bá ẹgbẹ́ kan polongo ìbò. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn: ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo, orin, ijó. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìbò jáde, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì da bẹntiróòlù sí ilé wọn, wọ́n ṣáná sí i. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú nínú wọn, àmọ́ wọn ò rí nǹkan kan mú jáde àfi ara wọn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá dárúkọ òṣèlú létí Ìyá Ìbàdàn, á dìde kúrò níbẹ̀.

Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló dàgbà sí. Èmi ni mo ń mú un lọ sí ilé ìwé, èmi náà ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ ẹ̀yìnkùlé, ó jẹ èlùbọ́ tí ìyá mi sá. Bàbá mi so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó búra pé òun ò ní tú u. Ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje yìí bá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ewúrẹ́ mọ̀ pé èlùbọ́ wa ni?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Ẹ tú ewúrẹ́ sílẹ̀! Lọ́yà ti dé o!” Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ó sì di lọ́yà lóòótọ́. Ó ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀ kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó kó lọ sí Kánádà. Àwọn kan nínú ẹbí wa máa ń sọ pé bó ṣe débẹ̀ ni wọ́n ti fún un níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe: kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ní láti tún ìdánwò ṣe kó tó lè dúró ní kóòtù wọn. Ó ń bá wọn tajà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ó sì ń kàwé nígbàkigbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ó yege! Ó wá ń gbẹnu sọ fún àwọn ayálégbé tí onílé fẹ́ lé síta nínú òtútù. Àwọn èèyàn yẹn ló ń sọ fún un pé, “Dípò tí wàá fi máa bá òfin jà, lọ bá wa ṣòfin.” Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ kan fi ní kó wá díje du ipò aṣòfin ní ìpínlẹ̀ wọn.

Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ fọwọ́ sí i láìgba àdúrà ìyá rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́yà tó ti lọ́mọ, tó ti ní ọmọ-ọmọ, ní òun ò ní jáde bí ìyá òun bá ní rárá.

Ọ̀dọ̀ wa ní Bowie, ní Maryland níbí, ni Ìyá Ìbàdàn ń gbé, torí òtútù Kánádà ju agbára rẹ̀ lọ. Ilé ọmọ mi obìnrin ni, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Suitland. Òun ló gba èmi náà sọ́dọ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni Lọ́yà fò wá. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù tó fi kúnlẹ̀ sí pálọ̀.

“Màmá, ẹ kú ilé o.”

“O ti kí mi tán, o ò sì dìde. Kí lo fẹ́?”

“Wọ́n ní kí n wá díje du ipò aṣòfin, Màmá.”

Ìyá Ìbàdàn gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Ṣé bẹntiróòlù ti tán ní Kánádà ni?”

“Wọn kì í jólé níbẹ̀, Màmá.”

“Ohun tí bàbá rẹ náà sọ nìyẹn.”

Ìyá Ìbàdàn tún gbé ife rẹ̀, ó mu díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó béèrè ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà. Lọ́yà ní bàbá kan tó ń tọ́jú eyín ni, òun ló wà lórí àga náà báyìí.

“Ṣé o mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Pè é lórí fóònù.”

Lọ́yà yíjú sí mi. “Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ Màmá o. Wọ́n á ní mo ya wèrè!”

“Nígbà tó o fẹ́ wọ ilé ìwé, ṣé mi ò lọ bá tíṣà?” ni Ìyá Ìbàdàn wí. “Ọ̀gá tó o kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ṣé mi ò mọ ilé ẹ̀? Inú iná lo wá fẹ́ wọ̀ yìí, kí n má mọ ojú ẹni tó wà níbẹ̀?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀. Nílé, bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, yóò fa ọmọ náà lé onítọ̀hún lọ́wọ́, lójú ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ṣe ọmọ, a ti mọ ẹni tí a ó bi. Olùkọ́ là ń fa ọmọ lé lọ́wọ́, tàbí ọ̀gá iṣẹ́. Alátakò kọ́! Ọmọ mi kò lè pa á mọ́ra. “Màmá Àgbà, ẹran lẹ fẹ́ ní kí ológbò bá yín ṣọ́ yìí o!”

“Tí ológbò bá ti gbà á lójú gbogbo ayé,” ni Ìyá Ìbàdàn dáhùn, “ojú á tì í láti jẹ ẹ́.”

A fi fóònù mi pe ọkùnrin náà. Ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù, ó wọ awò ojú, ó ń jẹ búrẹ́dì. Èmi ni mo ń túmọ̀. Ìyá Ìbàdàn gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó nà án sí fóònù bí ẹni pé ọwọ́ ọkùnrin náà yóò jáde wá gbà á.

“Ẹ kú ilé o, ọmọ mi. Ọmọ mi nìyí. Ẹ bá a jiyàn bó ti wù yín. Bí Ọlọ́run bá fún yín ṣe, ẹ fìdí ẹ̀ jánlẹ̀ nínú ìbò. Ṣùgbọ́n òun, ilé ẹ̀, ọkọ ẹ̀, àtàwọn ọmọ ẹ̀, mo fà wọ́n lé yín lọ́wọ́. Bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀.”

Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan, títí kan èyí tó gbẹ̀yìn. Ọkùnrin náà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó wá ní látìgbà tí òun ti ń ṣe òṣèlú, kò tíì sẹ́ni tó fa èèyàn lé òun lọ́wọ́ rí. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà síwájú. “Mo gbà á, Màmá.”

“Ó gbà á?” Ìyá Ìbàdàn wo ọmọ rẹ̀. “Ó dára. Dìde, Lọ́yà. Lọ díje.”

Háà! Bí a ṣe pariwo lọ́jọ́ náà! Ìròyìn kan gbogbo ìjọ wa. Àwọn kan tilẹ̀ bi mí níbi tí wọ́n ti máa dìbò fún un. Mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, Kánádà kì í ṣe àdúgbò kan ní Adelphi níbí.

Nígbà tí ìpolongo gbóná, fóònù mi dún ní ọ̀sán kan. Ọkùnrin olùtọ́jú eyín ni! Ó ní kí n sọ fún Màmá kí wọ́n tó gbọ́ ọ níbòmíràn: àwọn kan fi ọ̀dà ba pátákó ìpolongo Lọ́yà jẹ́ níwájú ilé rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó padà síbi tó ti wá. Òun fúnra òun ti lọ síbẹ̀, òun ti bá ọkọ rẹ̀ fọ̀ ọ́ kúrò, òun sì ti sọ fún àwọn tó ń tẹ̀ lé òun ní gbangba pé ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ kì í ṣe tòun. Mo jíṣẹ́ náà fún Ìyá Ìbàdàn. Mo rò pé yóò ní kí ọmọ rẹ̀ jáwọ́. Ó mí kanlẹ̀.

“Ó wá jíṣẹ́,” ló sọ. “Ní tiwa, kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan kan fún wa. Kí Lọ́yà máa bá a lọ.”

Ọjọ́ ìbò pé. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa rọ̀gbà yí tẹlifóònù ọmọ mi ká, a ń ka àwọn èsì bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọkùnrin yẹn ṣíwájú. Lọ́yà bá a. Ó tún ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi fò sókè, ó gbá mi mú, àga ṣubú. Lọ́yà wọlé! A ń jó, a ń sunkún, àfi Ìyá Ìbàdàn tó ń na ọwọ́ sí wa pé ká dákẹ́.

“Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí? Ẹ bá mi pè é.”

Ó kí i kú ìrọ́jú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá òun tọ́jú ọmọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá Màmá á lè gbàdúrà fún òun náà.

“N ó máa gbà á lójoojúmọ́, ọmọ mi,” ni Ìyá Ìbàdàn wí. “Àmọ́ kì í ṣe lọ́dún ìbò o.”

Ayé ti yí padà gan-an. Nígbà èwe mi, ẹni tó bá ń bá ọ du nǹkan ti di ọ̀tá rẹ nìyẹn. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun gbogbo ló dára láyé àtijọ́, ẹ rọra bá a tún un ṣe. Ẹ má sì rò pé òkè òkun ló mú ìbínú kúrò lọ́kàn ènìyàn. Ẹ ti gbọ́ ti pátákó. Ó gba kí ẹnì kan ní ìgboyà láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì sì dáhùn bí ọmọlúàbí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ èyí lára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni díje, ní ilé ìwé, níbi iṣẹ́, tàbí nínú ìjọ, ẹ kọ́kọ́ lọ kí i nílé, kí ẹ mọ ojú ara yín.