Ìwé Atúmọ̀ Èdè Ojibwe Tó Wà ní Becontree

Mo tọ́jú ìyá àgbà kan rí ní Becontree, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kánádà ni wọ́n ti wá. Ọkọ wọn, ọmọ Dagenham, ló fẹ́ wọn wá síbí nígbà ọ̀dọ́ wọn, ó sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ wa fi rán mi síbẹ̀, àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá kan, ó sì ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn kíà, ìyẹn olùtọ́jú bíi tèmi, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọ̀rọ̀ náà ò nítumọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń tún bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Nibi," ni wọ́n wí. "Nibi."

Níbí ni mo gbọ́. Mo rò pé kíà kan tó jẹ́ Yorùbá ló kọ́ wọn. Ni mo bá fi Yorùbá dáhùn pé, "Níbo, Mà? Níbo ló ń dùn yín?" Mo tẹ èjìká, mo tẹ ìbàdí, mo sún ìrọ̀rí. Gbogbo ibi tí mo fọwọ́ kàn ni wọ́n ń mirí sí. Nígbà tó sú wọn, wọ́n kọjú sí ògiri, omi sì jáde lójú wọn. Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Vicarage Field, wá kí wọn ní Sátidé, mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ó gun àga, ó gbé ìwé ńlá kan sọ̀ láti orí wọ́dìróòbù. Ìwé atúmọ̀ èdè ni, láti Ojibwe sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní èdè ìyá òun ni, èdè àwọn onílẹ̀ Kánádà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní iléèwé tí ìjọba kó wọn lọ ní kékeré, wọ́n máa ń na ọmọ tó bá sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ́ òun. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó ra ìwé náà, òun ò sì ṣí i rí.

Èmi ni mo ṣí i. Nibi: omi.

Tíì oníwàrà ni gbogbo wa máa ń fún wọn. Mo lọ bu omi wá láti ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n mu ún tán, wọ́n tún na kọ́ọ̀pù sí mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé ọ̀hún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò rọrùn. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ka òkúta mọ́ ohun tó lẹ́mìí. Bí mo bá fi ohùn Yorùbá pe ọ̀rọ̀, Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un pè títí n ó fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì wá ní Sátidé. Lọ́jọ́ kan ó fi ìka tẹ ojú ìwé, ó rọra ní, "Nimaamaa." Ìyá mi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ tó ṣì lágbára di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, wọn ò sì tètè fi sílẹ̀.

Ojú oorun ni wọ́n kú sí, kí òtútù tó lọ. Ọmọ wọn wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ létí sàréè. Kò rí ọ̀rọ̀ ìdágbére gan-an, àfi *giga-waabamin miinawaa*, pé n ó tún rí ọ. Mo sọ fún un pé ó dàbọ̀ tiwa náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú, ohùn rẹ̀ já láàárín. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ parí.

Ó ti ń kọ́ èdè náà báyìí lórí kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ àwọn àgbà kan ní Kánádà. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, á ní ṣé òun pè é dáadáa. Mo máa ń sọ fún un pé kó bi àwọn tó ni èdè, ṣùgbọ́n létí tèmi, ó dùn gbọ́.