Abẹ́rẹ́ tó tú àṣírí oyún mi

Lónìí ni gbogbo Erúnmu mọ̀ pé mo lóyún, èmi kọ́ ni mo sì sọ fún wọn!

Oyún oṣù méjì. Dókítà ní kí n máa sá eré ọ̀nà jíjìn mi lọ, bí ara bá ti gbà á. Ìyá ọkọ mi ò bá mi jà. Wọ́n kàn fi abẹ́rẹ́ há mi láṣọ bíi ti gbogbo aboyún: "Kí nǹkan burúkú má baà sún mọ́ ọ. Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Títí mo fi sá dé Ẹgbẹ́dá, gbogbo ìyá tó rí abẹ́rẹ́ náà ló ń kígbe tẹ̀lé mi: "Wẹ́rẹ́ la ó gbọ́ o!"

Mo fìbínú wọlé. "Mọ́mì, abẹ́rẹ́ yín ti tú àṣírí wa!"

"Ẹni mélòó ló ṣàdúrà fún ọ?"

Mo fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ lára aṣọ mi.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá yọ ọ́?